Irin Ẹnu Ìbọn Nínú Báàgì Alhájà

Títí di òní olónìí, bí mo bá gbóòórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé kò sí nǹkan kan mọ́. Òróró náà ni Big Mummy, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, fi ń tọ́jú máṣíìnì rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò ní Peckham, òun náà ni mo sì máa ń jí bù díẹ̀díẹ̀ láti fi nu ìbọn mi. Ìbọn ni mo wí. Ẹ má sá. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, irú èyí tí àgbàlagbà lè rà ní ìlú yìí láìgba ìwé àṣẹ, tí agolo gáàsì kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ máa ń ti ọta rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i lórí tábìlì, ẹ ò ní mọ̀ pé gáàsì ló wà níkùn rẹ̀. Ó jọ ìbọn gidi bí Táyé ṣe ń jọ Kẹ́hìndé.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti Ìsẹ́yìn dé, mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, mo sì ń gbé pẹ̀lú Big Mummy nínú fúláàtì káńsù rẹ̀ ní àjà kẹrin. Ẹ̀rù ìlú yìí ń bà mí, n ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí, ẹ̀rù àwọn ọmọ tó máa ń dúró sídìí àtẹ̀gùn ń bà mí, ẹ̀rù lẹ́tà tí wọ́n bá ti ẹnu ọ̀nà jù wọlé pàápàá ń bà mí. Ní ìsàlẹ̀ ilé wa, wọ́n so òdòdó mọ́ irin ọgbà níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan kí n tó dé. Òdòdó náà ti gbẹ tipẹ́, síbẹ̀ Big Mummy kì í gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Á sọdá sí òdì kejì, á máa ṣe àdúà lábẹ́lẹ̀ títí á fi dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹ ó wá bi mí pé kí ni irú èmi yìí ń fi ìbọn ṣe. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn afẹ́fẹ́ ní abẹ́ gbọ̀ngàn kan ní Walworth, láàárọ̀ Sátidé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un dání, ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní kí n fa èémí sínú, kí n jẹ́ kí ìdajì rẹ̀ jáde, kí n dá èyí tó kù dúró. Mo dá a dúró. Fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, n ò gbọ́ nǹkan kan, n ò ro nǹkan kan, ẹ̀rù ohunkóhun kò sì bà mí. Nítorí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn ni mo ṣe ra tèmi, tí mo ń fi àpò tó ní kọ́kọ́rọ́ gbé e lọ gbé e bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí òógùn á sì bò mí láti Peckham dé Walworth Road. Ẹ rí i pé ọgbọ́n mi kò tó nǹkan: mo lọ ra ohun tí ń dẹ́rù bà mí jù lọ láti fi wo ẹ̀rù sàn.

Ọta mi kì í sì í lọ síbi tí mo rán an. Òkè ni ó máa ń lọ, òkè lápá ọ̀tún. Dípò kí n bi ọ̀gá léèrè, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo sá lọ, ibẹ̀ ni mo ti kà nípa irin ẹnu ìbọn tí wọ́n ń pè ní compensator. Irin kékeré ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó ní ihò lókè, wọ́n á sì dè é mọ́ ẹnu ìbọn. Bí ìbọn bá dún, gáàsì tó ti ọta jáde á gba inú ihò náà yọ sókè, bó sì ṣe ń yọ sókè ni á máa ti ẹnu ìbọn sísàlẹ̀ kó má baà fò. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ní ìbọn gidi nílé ló ń jiyàn lé e lórí níbẹ̀. Wọ́n gbà pé ó wúlò fún ìbọn tí agbára rẹ̀ pọ̀. Ìbọn àgbéléwọ́ tí agbára tirẹ̀ kéré ni wọ́n ń bá ara wọn jà sí. Àwọn kan ní gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ kò tó ohun tó lè ti irin, pé ẹni tó bá dè é mọ́ ọn kàn ń ṣe fáàrí ni. Àwọn kan ń búra pé àwọn rí ìyàtọ̀. Èmi tí n ò tíì fọwọ́ kan ìbọn gidi rí láyé mi, mo wà láàrin wọn, mò ń bá wọn tahùn síra. Mo ní ó wúlò. Mo tilẹ̀ bú bàbá kan tó ní kò wúlò.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òyìnbó arúgbó ni, ọkọ̀ ojú irin ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò sí ibi tó ń kánjú lọ. Ó ní tèmi tilẹ̀ burú ju tàwọn ará Amẹ́ríkà lọ, nítorí tiwọn ní ẹ̀tù díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n gáàsì tó ń jáde lẹ́nu ìbọn tèmi kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tó ń jáde lẹ́nu ìgò mínírà lọ. Kí ló fẹ́ tì sísàlẹ̀? Ó ní wíwúwo irin náà nìkan ló máa ràn mí lọ́wọ́, bó bá sì jẹ́ ohun tó wúwo ni mo ń wá, kí n so kọ́kọ́rọ́ ilé mi mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Kì í ṣe ìbọn ló ń fò, ọ̀rẹ́ mi. Ọwọ́ rẹ ló ń gbọ̀n."

Inú bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n? Mo ra irin náà. Lọ́jọ́ tó dé, mo yìnbọn mẹ́wàá láìdè é, mo dè é, mo tún yin mẹ́wàá. Mo gbé bébà méjèèjì tí mo yìnbọn sí síwájú iná, mo ń wo ihò ara wọn. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá ti fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín kó sì pa irin náà tì. Èmi ní bóyá n ò dè é le dáadáa ni. Mo tú ọ̀pá ẹnu ìbọn náà kúrò lára ìbọn, mo kó òun pẹ̀lú irin tó wà lẹ́nu rẹ̀ wá sílé láti lọ dè é le, mo sì fi ara ìbọn tó kù sínú àpótí onírin ẹgbẹ́ wa ní Walworth.

Bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn, tí Big Mummy kó aṣọ tó fọ̀ wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ilé rẹ̀ ni, kí ló fẹ́ kan ilẹ̀kùn ṣe? Ó ní, "Kí lèyí?"

Mo rí òdòdó gbígbẹ lójú mi, mo rí bí òun ṣe máa ń sọdá. Mo ní, "Spare part ọ̀kadà ni, ma. Ibi tí èéfín ń gbà jáde ni wọ́n ń dè é mọ́."

"Ọ̀kadà ta ni?"

Irọ́ kì í ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n pa, nítorí náà ni mo ṣe pa á kọjá bó ṣe yẹ. Mo ní Uncle tó ń tún ọ̀kadà ṣe nílé, àbúrò rẹ̀, ni mo rà á fún. Mo ní original ni. Mo ní ìgbà tí mo bá ráyè ni màá fi ránṣẹ́. Ojú Big Mummy yí padà, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ níbẹ̀. Ó fọwọ́ lé mi lórí. "O rántí àbúrò mi. Ọlọ́run á rántí ìwọ náà." Mo ní àmín. Mo kó irin náà sínú páálí kékeré kan, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú tì mí títí mo fi sùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti bọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà náà ni Alhájà ń lọ sílé. Alhájà yìí kì í ṣe ẹbí wa, ṣùgbọ́n ará Ìsẹ́yìn bíi tiwa ni, mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n jọ ń lọ pẹ̀lú Big Mummy, òun ló sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní kéwú lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlá ní London láìlè jáde, torí pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò jáde. Bó bá lọ, kò ní lè padà wọlé. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ó ti kọjá àádọ́rùn-ún ọdún, ohun kan ṣoṣo tó sì máa ń bi í lórí fóònù ni pé ọjọ́ wo ló ń bọ̀. Nígbà tí ìwé náà jáde nígbẹ̀yìn, Alhájà mú un wá sílé wa, ó gbé e lé orí tábìlì ìránṣọ, àwọn méjèèjì sì jókòó tì í, wọ́n ń wò ó.

Ẹ̀yin náà mọ bí tiwa ṣe rí. Kò sí ẹni tó ń lọ sílé tó jẹ́ pé ẹrù rẹ̀ nìkan ló ń gbé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹni kan, bàtà ọmọ ẹlòmíì, fóònù tí wọ́n fẹ́ fún àfẹ́sọ́nà, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ kì í tú ẹrù wò, nítorí bó bá tú u, ó dà bí ìgbà tó ní òun kò fọkàn tán ẹni tó gbé e fún òun. Ohun tó bá fúyẹ́, inú àpótí ńlá. Ohun tó bá wúwo, inú báàgì ọwọ́, nítorí wọn kì í sábà gbé báàgì ọwọ́ sórí ìwọ̀n. Gbogbo èyí ni mo mọ̀, kò sì wá sí mi lọ́kàn.

Àárọ̀ Sátidé tí Alhájà ń lọ, mo jí, mo nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti mú páálí irin mi kí n lè lọ sí Walworth. Páálí kò sí níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tan iná fóònù, mo wá a dé ìdí ògiri. Mo jáde lọ bá Big Mummy níbi tó ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Big Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rí páálí kékeré kan lábẹ́ bed mi?"

Kò gbójú sókè. "Spare part Uncle ẹ? Mo ti bá ẹ fún Alhájà lánàá, ìwọ wà ní shift. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, mo ní kó fi sínú hand luggage kí wọ́n má baà ní overweight ni. Mo fi scarf mi wé e dáadáa. Mo ti call Uncle ẹ, inú ẹ̀ ń dùn gan-an."

Ó yẹ kí n ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀ kí n jẹ́wọ́. Ó yẹ kí n kígbe. Ohun tí mo sọ ni, "Okay, thank you, ma." Ọlọ́run jẹ́rìí mi, ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo wọ bàtà, mo jáde.

Mo pe Alhájà lórí fóònù nígbà mẹ́wàá kí n tó dé ibùdó bọ́ọ̀sì. Kò wọlé. Ó ti fi sim Nàìjíríà sínú fóònù rẹ̀ láti ilé, kó má baà gbàgbé. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Stockwell, ọ̀nà dí ní Camberwell, mo sì ń fi orúnkún mi lu ìjókòó iwájú títí obìnrin tó wà níbẹ̀ fi bojú wẹ̀yìn. Ní Stockwell mo sáré wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀ ní Green Park, mo jókòó. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, mo rí gbogbo rẹ̀ kedere: ìyá arúgbó oníhíjáàbù kan, ọ̀pá ìbọn nínú báàgì rẹ̀, tí wọ́n fi ìborùn wé bí ẹni tó fẹ́ fi í pamọ́. Ta ló máa gbà á gbọ́? Wọ́n á dà á dójú bolẹ̀. Wọ́n á gba ìwé tó fi ọdún mẹ́rìnlá wá. Mo gbìyànjú láti fa èémí sínú kí n dá ìdajì dúró bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi, kò ṣeé ṣe.

Mo dé pápákọ̀ òfuurufú ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọkọ̀ rẹ̀ sì máa gbéra ní aago kan ọ̀sán. Mo sáré lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba àpótí ńlá, kò sí níbẹ̀. Mo sáré lọ sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé sí ibi àyẹ̀wò, ibi tí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì kò lè kọjá. Mo rí i lórí ìlà. Ó wọ híjáàbù funfun tuntun, ó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká, ènìyàn bíi mẹ́fà ló kù níwájú rẹ̀.

Mo pè é. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Háà! Ọmọ mi! O wá sìn mí! Láti Peckham!" Mo sún mọ́ okùn tí wọ́n fi pa ìlà náà, mo ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́," ó sì ti gbá ọwọ́ mi mú, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà.

Ẹni tí kò bá gbé láàrin wa kò ní mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí àgbà bá ń ṣàdúà fún ọ, o kì í dá a lẹ́nu. Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ ẹ, ó ti wọ inú egungun rẹ. Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí n rí ẹni sìn mí, mo ní àmín. Ìlà sún. Ó ní n ò ní ṣe àìrìnnàkore, mo ní àmín, mo ń rìn tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Ó ní bí òun ṣe ń lọ bá ìyá òun yìí, ìyá tèmi náà á fi ojú kàn mí. Mo ní, "Àmín, Mummy, báàgì yín," ó ní, "Má worry, kò wúwo, n ó bá ẹ fún Uncle ẹ," ó sì bọ́ sórí àdúà tó kàn. Mo gbọ́ ohùn mi tó ń ṣe àmín, àmín, àmín. Ó gbé tíkẹ́ẹ̀tì lé ojú ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn kékeré náà ṣí, ó kọjá, ó juwọ́ sí mi. Ilẹ̀kùn náà padé. Mo ṣe àmín kan sí i lẹ́yìn tí n ò rí i mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni n ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró. Mo fara ti òpó kan, mo sì ń rò ó pé bóyá wọn ò ní rí i. Bóyá ẹni tó ń wo ẹ̀rọ á gbójú kúrò, bóyá irin náà á jọ spare part lójú tiwọn náà. Mo rò ó pé bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i, arúgbó ni, wọ́n á ṣàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi, wọn ò ní ṣàánú mi. Mo dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bóyá méje. Lẹ́yìn náà mo rí àwọn ọlọ́pàá méjì tó ń bọ̀ láàrin èrò, ìbọn gidi kọ́ wọn láyà. Ní gbogbo oṣù tí mo fi ń bá àwọn ènìyàn jiyàn nípa ìbọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí ọ̀kan nítòsí. N ò wo ẹnu rẹ̀ bóyá irin wà níbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì síwájú kí wọ́n lè rí i pé n ò mú nǹkan kan dání, mo rìn lọ bá wọn, mo sì sọ ọ́. Ohùn mi kéré débi pé wọ́n ní kí n tún un sọ.

Wọ́n mú mi lọ sí yàrá kan. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n gba fóònù mi, wọ́n ní kí n jókòó. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Nígbà tí ọlọ́pàá kan wọlé, ó mú ike funfun kan lọ́wọ́, ọ̀pá ìbọn mi wà nínú rẹ̀. Ó bi mí ohun tó jẹ́, mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Walworth, íńtánẹ́ẹ̀tì, Big Mummy, ọ̀kadà. Ó na ìka sí irin oníhò tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí ni iṣẹ́ èyí. Mo ní kí ẹnu ìbọn má baà fò ni. Ó wò mí. Ó jọ pé òun náà mọ̀ nípa ìbọn. Ó ní, "Lórí ìbọn afẹ́fẹ́? Ṣé ó ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Rárá, sir. Kò wúlò."

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbà nìyẹn. Ó ní kí ló dé tí mo fi rà á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó dúró kí n sunkún náà tán. Lẹ́yìn náà ló ní ohun kan wà tí kò yé òun: ìyá tó wà ní yàrá kejì ní òun ló ni ín. Ó ní ó ti sọ ọ́ nígbà mẹ́ta, pé kò sí ẹni tó gbé e fún òun, pé kí wọ́n má wá ọmọ kankan kiri.

Ó ti lé ní wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó parí pẹ̀lú wa. Wọ́n pe ọ̀gá wa ní Walworth, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, wọ́n kìlọ̀ fún mi gidigidi, wọ́n sì gba irin náà. Wọn ò rí ẹ̀sùn kankan fi kan Alhájà. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá tirẹ̀, kò sí wíńdò níbẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó ti bọ́ bàtà, báàgì dúdú náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti tú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níwájú àwọn òyìnbó.

"Dìde," ló wí. "Kí lo lọ jẹ́wọ́ fún? Mo ti ní èmi ni mo ni ín. Àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n bá kọ orúkọ ẹ sínú computer wọn báyìí, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọmọdé ni ẹ́."

"Ṣùgbọ́n papers yín, Mummy. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín."

"Mo mọ̀," ló wí. Ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, mo sì rí i pé ọwọ́ òun náà ń gbọ̀n.

Ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ. Kò sí àyè nínú ti Sọ́ńdè, Mọ́ńdè ni wọ́n tó rí ọ̀kan fún un. Big Mummy kò nà mí, kò sì bú mi. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un, ohun tó sọ kò ju, "Ìbọn. Nínú ilé mi," ó sì kọjú sí ògiri, ó sunkún. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìbá mi sọ̀rọ̀, oúnjẹ mi á kàn wà lórí tábìlì.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ti ní fúláàtì tèmi ní Stockwell, mo ti fi ìbọn sílẹ̀, ẹ̀rù ìlú yìí sì ṣì ń bà mí, ó kàn jẹ́ pé mo máa ń sọ ọ́ jáde báyìí. Alhájà padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó kó gààrí wá fún mi. Kò fẹnu ba ọjọ́ náà rí, bó bá sì rí mi, ó ṣì máa ń gbá ọwọ́ mi mú láti ṣàdúà fún mi. Uncle tó ń tún ọ̀kadà ṣe ló sọ èyí tó kù fún mi lórí fóònù. Ilé mẹ́ta ló wà láàrin ilé rẹ̀ àti ilé ìyá Alhájà, ó sì wà níbẹ̀ ní Sátidé yẹn. Nígbà tó fi máa di alẹ́ Sọ́ńdè, ìyá náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ là nígbà tí Alhájà wọlé lọ́jọ́ Túsìdeè, ó wò ó, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ohùn ti lọ, kò padà wá, ó sì kú lọ́jọ́ kẹsàn-án tí Alhájà dé.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé, Uncle ní ara ìyá yá gan-an. Ìyá ní kí wọ́n wẹ òun, kí wọ́n wọ aṣọ tuntun fún òun, kí wọ́n gbé àga òun sí ẹnu ọ̀nà. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bèèrè bóyá ọmọ òun ti gbéra. Wọ́n ní ó ti gbéra, ìyá, ó ti wà lójú òfuurufú. Èmi mọ ibi tí ó wà. Ó jókòó sínú yàrá kan tí kò ní wíńdò, ó bọ́ bàtà, ó ń sọ fún ọlọ́pàá pé òun ló ni irin kan tí kò wúlò fún ohunkóhun.